Akọ̀wé Ọjọ́ Márùn-ún, Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Ọjọ́ Kan

Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó gba ìlú Èkó kan, àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ a máa jáde sójú títì Ìkòyí àti Lẹ́kí. Akoto ń bẹ lórí wọn, ìgò omi ń bẹ lára kẹ̀kẹ́ wọn, aṣọ tó fún mọ́ ara bí awọ ejò ni wọ́n sì wọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe eléré ìje. Òṣìṣẹ́ báńkì ni wọ́n, agbẹjọ́rò, oníṣirò owó, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tó wà lókè òkun. Bí ọjọ́ Ajé bá dé, ìdí wọn yóò padà sórí àga, yóò sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì.

Ẹni tó fi oorun ìdájí sílẹ̀ tó lọ wa kẹ̀kẹ́, ìyìn ló yẹ ẹ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wà nínú mọ́tò kì í yé béèrè bóyá bẹntiróòlù ló wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wọn tó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa: pé ẹni tó bá ti wa kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ Àìkú ti tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà, pé ohun yòówù tí àga bá fi ẹsẹ̀ ṣe láti ọjọ́ Ajé, kẹ̀kẹ́ yóò tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ akọ̀wé tó ń gun kẹ̀kẹ́ ti ń bàjẹ́ kì í sábà jẹ́ orí kẹ̀kẹ́. Abẹ́ tábìlì ọ́fíìsì ni, ibẹ̀ náà ni ìtọ́jú rẹ̀ sì ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àríyànjiyàn lórí àga kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1953, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Jerry Morris, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n tẹjú mọ́. Awakọ̀ ń jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé òpin rẹ̀. Kọ̀ndọ́ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbésẹ̀ lójúmọ́. Ilé iṣẹ́ kan náà ló gbà wọ́n, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà, èéfín kan náà ni wọ́n ń fà símú. Síbẹ̀ àìsàn ọkàn ń mú àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ndọ́ lọ, ó sì ń pa wọ́n jù. Àwọn alátakò ní bóyá ẹni tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ló ń yan iṣẹ́ awakọ̀. Morris àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò bá wọn jà. Wọ́n lọ yẹ ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ tí a rán fún àwọn òṣìṣẹ́ náà wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1956 pé lóòótọ́ ni ìbàdí àwọn awakọ̀ tóbi ju ti àwọn kọ̀ndọ́ lọ, àní láàárín àwọn ọ̀dọ́ wọn pàápàá. Irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn onímọ̀.

Apá kan ìwádìí ọdún 1953 yẹn wà tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. Wọ́n tún wo àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọwọ́ kan ni àwọn apínlẹ́tà tó ń fẹsẹ̀ rìn tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti ojúlé dé ojúlé. Ní ọwọ́ kejì ni àwọn akọ̀wé àti àwọn tó ń dáhùn tẹlifóònù lórí àga. Ara àwọn apínlẹ́tà ló le jù. Nínú ìwádìí yẹn, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ dá dúró, akọ̀wé dá dúró, a lè fi wọ́n wéra. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Ìkòyí ni àwọn méjèèjì nínú ara kan ṣoṣo: akọ̀wé ní ọjọ́ márùn-ún, apínlẹ́tà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu?

Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà rẹ̀ kò ní ṣàìrí ẹ̀rí mú dání. Ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní ọdún 2023, lára àwọn ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn ọwọ́ láti fi mọ bí ara wọn ṣe ń yí sí. Ó fi hàn pé ẹni tó kó ọ̀pọ̀ eré ìdárayá ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sí ọjọ́ kan tàbí méjì, bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ti tó 150 ìṣẹ́jú, ń rí ààbò lọ́wọ́ àìsàn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀, bíi ti ẹni tó pín tirẹ̀ káàkiri ọ̀sẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn ni wọ́n ń sọ. Ọkàn kì í jókòó. Ó ń lù tọ̀sán-tòru, yálà ẹni tó ni ín dìde tàbí kò dìde. Ẹsẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí olúwa rẹ̀ bá jókòó, ẹsẹ̀ ti jókòó nìyẹn.

Kí wá ni àga ń fi ẹsẹ̀ ṣe? Bí ènìyàn bá jókòó, ìbàdí rẹ̀ ká, orúnkún rẹ̀ ká. Iṣan tó wà níwájú ìbàdí, tó so ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́ itan, kò rí ààyè nà. Bí ó bá ń wà ní kíká bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọdún dé ọdún, yóò le, yóò sì máa fa ẹ̀yìn síwájú nígbà tí ènìyàn bá dìde. Ẹran ìdí, tó wà lára àwọn tó tóbi tó sì lágbára jù nínú ara, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ara ró, á wá di tìmùtìmù lásán.

Èyí tó kan ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkàn lè ti ẹ̀jẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ láìṣe wàhálà, ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ náà tó lè gòkè padà, ó nílò olùrànlọ́wọ́. Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun ni olùrànlọ́wọ́ náà. Ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀, ẹran yìí a fún iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ a sì gba òkè lọ. Àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké tó wà nínú iṣan a sì padé kí ó má bàa ṣàn padà. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kan fi ń pe ẹran náà ní ọkàn kejì. Lábẹ́ tábìlì, ọkàn kejì yìí ń sùn. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara a máa kó jọ sí kókósẹ̀, bàtà tó ṣe rẹ́gí ní àárọ̀ a wá máa fún ní ìrọ̀lẹ́. Akọ̀wé á ní ẹsẹ̀ ń ro òun, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́ kankan láti òwúrọ̀. Ti àwọn obìnrin tó ń wọ bàtà gogoro lọ sí báńkì tún yàtọ̀: gìgísẹ̀ wọn kì í kanlẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun wọn kì í sì í nà tán.

Ọ̀rọ̀ yìí lè kọjá ẹsẹ̀ ríro. Ní ọdún 1940, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Jámánì ń rọ̀jò bọ́ǹbù sórí Lọ́ńdọ̀nù, oníṣègùn Keith Simpson kọ̀wé nípa àwọn kan tó sá sínú ibi ààbò, tí wọ́n ń fi gbogbo òru jókòó sórí àga aláṣọ, tí wọ́n sì kú lójijì. Bọ́ǹbù kò kàn wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ẹsẹ̀ wọn, tó sì gba inú iṣan lọ dí ẹ̀dọ̀fóró.

Ní Èkó, àga kì í sì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Sàngó Ọ̀tà tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù lè lo wákàtí méjì lórí ìjókòó ọkọ̀ kó tó dé orí ti ọ́fíìsì, kó sì tún lo méjì mìíràn kó tó délé. Bó bá jẹ́ dánfó ló wọ̀, orúnkún rẹ̀ á ti kan ìjókòó tó wà níwájú, kò ní lè na ẹsẹ̀ bó tilẹ̀ fẹ́. Bó bá délé, yóò jẹun lórí àga, yóò sì wo tẹlifíṣọ̀n lórí èkejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó gan-an nìyí: kẹ̀kẹ́ náà, àga ni. Àga tó ń rìn ni, àmọ́ ìdí ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ìbàdí rẹ̀ kì í là tán; iṣan tó ti ká látọjọ́ Ajé tún ká síbẹ̀ ni. Orúnkún kì í nà tán. Ilẹ̀ kò kan àtẹ́lẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eegun ń fẹ́ kí a gbé ẹrù ara lé òun, kí ẹsẹ̀ máa gbá ilẹ̀, kí òun lè máa le sí i. Lórí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ló ń ru ara. Ìwádìí ti fi hàn léraléra pé eegun ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje kì í sábà nípọn tó ti àwọn tó ń fẹsẹ̀ sáré. Kò sí ẹni tó ń sọ pé kẹ̀kẹ́ kò wúlò. Ó ń jí ọkàn kejì dìde, ó ń fún itan lágbára, kì í sì í na orúnkún lẹ́gba bí eré sísá. Ṣùgbọ́n ohun tí àga gbà lọ́wọ́ ìbàdí, lọ́wọ́ ẹran ìdí àti lọ́wọ́ eegun, kẹ̀kẹ́ nìkan kò lè dá a padà.

Àwọn àgbà lè bi ni pé: àwọn tìṣà, àwọn wolé-wolé àti àwọn apínlẹ́tà tó ń gun Raleigh láyé ọjọ́sí ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ gbogbo àlàyé yìí ni? Wọn kò nílò rẹ̀. Tìṣà gun kẹ̀kẹ́ dé ilé ìwé, ó dúró níwájú pátákó títí agogo fi lù, ó gun kẹ̀kẹ́ padà, ó sì gbé ọkọ́ lọ sóko ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá dé ẹsẹ̀ òkè, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì máa ti kẹ̀kẹ́ lọ. Nínú ilé, àpótí kékeré tó súnmọ́ ilẹ̀ ni ìjókòó rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ dìde lórí àpótí yóò fi itan àti ẹran ìdí ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń lóṣòó ti ìkòkò, ọmọ rẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Lílóṣòó ń ká ìbàdí àti orúnkún tán, dídìde níbẹ̀ ń là wọ́n tán. Ìdọ̀bálẹ̀ ń tẹ́ iwájú ìbàdí sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe eré ìdárayá fún wọn, ẹsẹ̀ kẹta ni. Ẹ ní kí akọ̀wé ẹni ogójì ọdún lóṣòó lónìí kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má sì gbéra nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni yóò ṣubú sẹ́yìn.

Nítorí náà, ìtọ́jú ẹsẹ̀ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kí ó má jókòó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láìdìde. Bí tẹlifóònù bá dún, kí ó dìde dúró gbà á. Ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nínú ọ́fíìsì kejì, kí ó rìn lọ bá a dípò kí ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bí ó bá ti dúró, kí ó fi ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí ó gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ní ìgbà 20. Ọkàn kejì ni ó ń jí yẹn. Kí ó dìde lórí àga ní ìgbà mẹ́wàá láìfi ọwọ́ ti tábìlì. Ní alẹ́, kí ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀ sórí ẹní, kí ó gbé ẹsẹ̀ kejì síwájú, kí ó rọra ti ìbàdí síwájú títí yóò fi mọ̀ ọ́n lára ní iwájú itan ẹsẹ̀ tó kúnlẹ̀, kí ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ó sì pààrọ̀ ẹsẹ̀. Kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀. Ṣíṣe é lójoojúmọ́ ló ṣòro, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2020 fi ohun kan kún un tí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ máa ń fò dá: yàtọ̀ sí 150 sí 300 ìṣẹ́jú eré ìdárayá lọ́sẹ̀, ó ní kí àgbàlagbà fi ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára. Gígun àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ wà lára rẹ̀, lílóṣòó àti dídìde náà wà lára rẹ̀. Ìwádìí mìíràn nínú The Lancet ní ọdún 2016, tó kó ìwádìí oríṣiríṣi lórí ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan jọ, sọ pé ẹni tó ń jókòó ju wákàtí mẹ́jọ lọ nílò nǹkan bí 60 sí 75 ìṣẹ́jú ìdárayá kí ewu ikú tí ìjókòó ń mú wá tó ká kúrò. Lójúmọ́ ni wọ́n wí, wọn kò sọ pé lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó sì gùn ún padà, ti dé ẹnu ọ̀nà. Mélòó ni ojú ọ̀nà Èkó gbà láàyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ láìfi ẹ̀mí wéwu? Ìyẹn wà lọ́rùn ìjọba.

Bí ọjọ́ Àìkú bá wá dé, ewu mìíràn wà: kí ẹsẹ̀ tó ti sùn fún ọjọ́ mẹ́fà jí sí 60 kìlómítà. Pajápajá ni yóò kọ́kọ́ kí i, nítorí iṣan tó bá ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ kì í pẹ́ kó tó fìjà pẹ́ẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni orúnkún. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ló ń rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn lè tètè kanlẹ̀ bí ọ̀kadà bá já lu wọ́n. Ìbẹ̀rù náà yéni, ṣùgbọ́n orúnkún ló ń san án. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n kò le: kí ẹnìkan di kẹ̀kẹ́ mú, kí ẹni tó fẹ́ gùn ún jókòó, kí ó fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìbàdí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá wá gbé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ sórí pẹ́dà, orúnkún yóò ká díẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìrora níwájú orúnkún sábà máa ń fi hàn pé ìjókòó ti rẹlẹ̀ jù. Tó bá wà lẹ́yìn orúnkún, ó ṣeé ṣe kó ti ga jù. Jíà tó wúwo náà ń dá kún un. Ìgbéraga ló ń mú kí ènìyàn máa fi tipátipá tẹ pẹ́dà nígbà tí jíà fífúyẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ ń yí tiwọn ní bí ìgbà 80 sí 90 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ wọn sì ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Àwọn kan á gbọ́ ọ̀rọ̀ orúnkún, wọn á sì ta kẹ̀kẹ́ wọn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àmì kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tí ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ sì ń dunni láìjẹ́ pé ènìyàn ṣubú, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Bí èémí bá tún ń kúrú tàbí tí àyà ń dunni, kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Àṣà fífi ìpara gbígbóná ra ẹsẹ̀ àti pípe ẹni tó mọ ara wọ́ léwu púpọ̀ níbí, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì tí a ń wọ́ lè já kúrò níbi tó wà, kó sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Kò ní dára kí a di gbogbo ẹ̀bi lé akọ̀wé lórí. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ilẹ̀ Nàìjíríà, ìjókòó ni a fi ń wọn iṣẹ́. Ẹni tó dìde lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan, wọn á ní kò níṣẹ́ ṣe. Ẹni tó lẹ̀ mọ́ àga di aago méje alẹ́ torí pé ọ̀gá kò tíì lọ ni òṣìṣẹ́ rere. Èdè Yorùbá pàápàá ń yin ẹni tó fìdí balẹ̀, ó sì ń bu ẹni tí ìdí rẹ̀ kò gbé ibì kan. Ìwà ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Àwọn ọ̀gá ló sọ ọ́ di ti àga. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò kan wà láti ọdún 1999 tí agbanisíṣẹ́ fi ń bá òṣìṣẹ́ ra kẹ̀kẹ́, tí òṣìṣẹ́ á sì máa san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù kí a tó yọ owó orí. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n ìjọba tó fúnni ní kẹ̀kẹ́ kò lè báni dìde lórí àga. Ẹni tó lè ṣe ìyẹn ni ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ tó bá ní ibi tí a lè ti kẹ̀kẹ́ mọ́, tó ní balùwẹ̀ kan tí òṣìṣẹ́ lè ti wẹ̀ kúrò nínú òógùn, tí kò sì ti ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn pa kí gbogbo ènìyàn lè máa tò sídìí lífítì, ti ṣe púpọ̀. Èyí tó tún rọrùn ju gbogbo wọn lọ ni ìpàdé òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tó ń gba wákàtí méjì lórí àga ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́. Bí ọ̀gá bá dúró ṣe ìdajì rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì ní ná ilé iṣẹ́ ní kọ́bọ̀.